Fàájì Ìparí Oṣù Kẹjọ ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì

Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn etíkun Èkó láìná owó rẹpẹtẹ kò gbọdọ̀ dúró de oṣù Kejìlá. Oṣù Kejìlá ni gbogbo ayé ń rọ́ wá: àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ti ń wọlé, owó yàrá á fò sókè, ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ á dí pa, ẹni tó bá sì fẹ́ rí àyè jókòó létí omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹlòmíràn du yanrìn. Àsìkò tí orí ìwé yìí dá lé ni èyí tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tán, àrọ̀kúrò kò tíì dé, àwọn ọmọ ṣì wà ní ọlidé, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ wá láti ojú òkun. Ohun tí mo ń wí ni pé àsìkò àti ẹrù tó fúyẹ́ ló ń mú ìgbafẹ́ dùn. Ẹ̀yìn wọn ni owó ń tọ̀. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti jáde.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Ní oṣù Kẹfà, òjò tó ń rọ̀ sí Èkó máa ń ju 300 mìlímítà lọ. Ti oṣù Kẹjọ kì í sábà tó 100. Ohun tó fà á ni pé òjò ti tẹ̀ lé òòrùn lọ sí òkè Ọya, omi tútù sì ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lápá Gánà àti Ivory Coast, èyí tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wa tutù débi tí kò fi rọrùn fún un láti ṣú di òjò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán oṣù Keje àti Kẹjọ fi tutù ju ti oṣù yòókù lọ: nǹkan bí ìwọ̀n 28 Celsius, nígbà tí ti oṣù Kẹta máa ń tó 33. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú ọjọ́ jù. Àwọn ọdún kan wà tí òjò kò sinmi rárá. NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún iye ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò yóò fi dáwọ́ dúró nílẹ̀ wa; ẹ wá a kà kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ sì tún wo ti ọjọ́ náà gan-an lórí fóònù lálẹ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa ya ìparí oṣù Kẹjọ sọ́tọ̀ fún fàájì, pé ẹni tí òtútù ń bọ̀ wá bá ló yẹ kó máa ka ọjọ́ òòrùn tó kù. Wọ́n gbàgbé ohun tó wà nílẹ̀ tipẹ́. Àkókò yìí ni iṣu tuntun ń wọ ọjà, tí àgbàdo ṣì wà lórí àte ní gbogbo ìkóríta. Àárín oṣù Kẹjọ ni Òṣogbo ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun. Ogúnjọ́ oṣù náà ni àwọn oníṣẹ̀ṣe fi ṣe ọjọ́ tiwọn, ìjọba Èkó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀ lọ́dún 2023. Àgbẹ̀ tó ti kórè tọwọ́ òjò àkọ́kọ́, tí kò sì tíì wọ ìgbòkègbodò òjò kejì, ló kọ́kọ́ mọ ìwúlò ọjọ́ wọ̀nyí. Ará ìlú ńlá ló gbà á padà lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó wá ń ṣe bíi pé Kérésì nìkan ni Ọlọ́run dá fún fàájì.

Ìdí tí mo fi yan Ìkátẹ̀ nínú gbogbo etíkun láti Oníru dé Ajah ni pé ohun mẹ́ta sún mọ́ra níbẹ̀. Etíkun Ẹlẹ́gùṣì wà lápá gúúsù títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Nike Art Gallery, ilé iṣẹ́ ọnà tí Olóyè Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀, wà ní òpópó Ẹlẹ́gùṣì nítòsí ráńdábáòtù kẹta. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, kò sì jìnnà bí a bá ń dojú kọ Ajah. Ẹni tí òjò bá lé létí omi á rí ibi yà sí, kò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ tún mọ̀ pé etíkun yìí ní onílẹ̀. Ìdílé Ẹlẹ́gùṣì wà lára àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ wọn. Ọba Saheed Ademola Elegushi, Kusenla Kẹta, ló wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2010. Owó ìwọlé wà níbẹ̀, ó sì lè yàtọ̀ láti ọjọ́ sí ọjọ́. Ẹ san án níbi tí wọ́n ti ń gbà á, kí ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà sápò. Ẹni tó bá tún dá yín dúró lọ́nà lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ni kí ẹ fi hàn án, kì í ṣe ariwo. Láti ọdún 2024 tí iṣẹ́ títì etíkun Èkó sí Calabar ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà wíwọlé lápá ibẹ̀ ti ń yí padà. Kódà wọ́n wó ilé ìgbafẹ́ ní etíkun Landmark ní Oníru nítorí rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó lọ síbẹ̀ láìpẹ́ kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí ẹ ó kó dání

Aṣọ ló ṣáájú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú. Ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀ lára: bùbá àti ṣòkòtò, tàbí dàńṣíkí, fún ọkùnrin; bùbá àti ìró, tàbí kaba tó fẹ̀ nídìí, fún obìnrin, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé lábẹ́ rẹ̀ torí atẹ́gùn. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó lásìkò yìí, òógùn kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ pọliẹ́sítà á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, aṣọ òwú tó fẹ̀ á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Adìrẹ ni mo fara mọ́ jù. Àwọ̀ aró kì í fi ìdọ̀tí yanrìn hàn, ó bá òkun àti òfuurufú eléérú oṣù Kẹjọ lọ, ó sì ṣe é wọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò létí omi. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó rì í sínú aró, máa ń hàn lójú àti lẹ́yìn. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ bíi ti adìrẹ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn, àpẹẹrẹ rẹ̀ á sì bára mu régí láti òpin kan dé èkejì. Ti ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ láfún yà, nítorí náà bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá mọ́ bí ojú, ẹ má tìtorí rẹ̀ pè é ní ayédèrú.

Kí ọjọ́ tó pé ni kí ẹ fọ adìrẹ tuntun, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fi ańkáṣíìfù funfun tó tutù pa ibi kọ́lọ́fín aṣọ náà. Bó bá yọ àwọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ máa da omi nù títí tó fi mọ́, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí á bá aró lọ́rùn, lábíyá àti lórí àga ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Nípa ọ̀ṣọ́, ohun kan ṣoṣo tó ní àpẹẹrẹ ti tó: bí bùbá bá jẹ́ adìrẹ, kí ṣòkòtò jẹ́ aláwọ̀ kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò lè ronú ẹgbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí aṣọ ẹbí. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá àti gèlè, ilé òwàm̀bẹ̀ ni wọ́n ti lẹ́wà. Atẹ́gùn òkun á gba gèlè lọ, apá agbádá á gbé yanrìn, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì lo ọjọ́ rẹ̀ ní ṣíṣọ́ aṣọ.

Akẹtẹ̀ tí wọ́n fi koríko hun, tó ní okùn àgbọ̀n, dára ju fìlà lọ torí pé ó ń bo etí àti ọrùn. Sálúbàtà rọ́bà ni kí ẹ wọ̀. Iyọ̀ òkun á ba aláwọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà, nítorí ìgò fífọ́ àti ìdérí ìgò ń sápamọ́ sínú yanrìn. Ẹ mú ẹní ewé kan tàbí méjì, omi mímu tó tó lítà kan àtààbọ̀ fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, kúlà kékeré, aṣọ ìnura, ọ̀rá méjì (ọ̀kan fún ìdọ̀tí, ọ̀kan fún aṣọ tútù), owó bébà kéékèèké, àti ọ̀rá tó ṣe é dì pa fún fóònù. Ìpara tó ń dènà òòrùn wúlò fún aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Òrí ń mú ara dán, kò sì ń dènà òòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ eré, ọpọ́n ayò kò wúwo, kò gba iná, kò gba dátà. Orí ẹní ni kí ẹ ti ta á, torí ọmọ ayò 48 ni, bí ọ̀kan bá jábọ́ sínú yanrìn, eré ti bàjẹ́. Ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ nílé ni: wúrà, ìgò ọtí, gẹnẹrétọ̀, àti gbohùngbohùn ńlá.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

Ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni èrò ń pọ̀ jù létíkun Ẹlẹ́gùṣì, tí orin oríṣiríṣi ń bá ara wọn jà, tí owó àga àti àtíbàbà sì ń gòkè. Wọn á ní ta ló ráyè lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ: olùkọ́ àti ọmọ iléèwé wà ní ọlidé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi lọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú de Kérésì, oníṣòwò ló sì ń yan ọjọ́ tó wù ú. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí ẹ gbà ní oṣù Kẹjọ lè dùn ju mẹ́ta tí ẹ ó lò nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ oṣù Kejìlá lọ. Ẹni tí kò bá rí bí yóò ṣe ṣe é, kó mú àárọ̀ Sátidé, kó sì ti kúrò níbẹ̀ kí aago méjìlá tó lù.

Lẹ́yìn ọjọ́, ẹ mú wákàtí, èyí sì wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ń gbé. Ọkọ̀ tó ń ti Ajah lọ sí Victoria Island ló ń dí ọ̀nà láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń padà sí Ajah ló ń dí i. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah, Sangotedo tàbí Badore kó má gbéra kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, kó sì ti wà lọ́nà ilé kí aago mẹ́rin tó kọjá. Ẹni tó ń bọ̀ láti Súrùlérè tàbí Ìkẹjà, tiẹ̀ yí padà: kó dé Ìkátẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kó sì dúró di aago méje ààbọ̀ alẹ́, kí àwọn tó ń sáré kúrò ní Erékùṣù lọ sí òkè omi ti kọjá díẹ̀ lórí afárá Third Mainland. Ọ̀pọ̀ ìgbafẹ́ ló ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nítorí pé wọ́n gbéra ní wákàtí tí gbogbo èèyàn gbéra. Ẹni tó bá lo wákàtí mẹ́ta nínú dáńfó kò ní sùúrù tí yóò fi wo òkun mọ́, bó ti wù kí òkun dára tó.

Ẹgbẹ́ tó dé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ pín ọjọ́ wọn sí méjì torí òòrùn. Ìkùukùu oṣù Kẹjọ ń tan èèyàn jẹ. Láti àárín oṣù Kẹjọ títí dé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, òòrùn ọ̀sán ń sún mọ́ ọ̀gangan orí wa ní Èkó títí tó fi dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ní nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, agbára rẹ̀ sì ń la ìkùukùu kọjá. Èèyàn kò ní mọ̀ ọ́n lára nítorí atẹ́gùn. Orí fífọ́ lálẹ́ ló máa sọ fún un. Nítorí náà, ẹ wà létí omi láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ nu yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà Nike títí òòrùn fi yẹ̀. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ yan adìrẹ kan ṣoṣo, kí ẹ sún mọ́ ọn: ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ ayàwòrán ti wúwo, tí ìlà ẹ̀kọ fẹ̀, àti ibi tí aró ti wọ inú sísán ẹ̀kọ náà, tó fà bí irun tín-ín-rín. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹgbẹ́ ọ̀sán kò nílò ìpín yìí. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ rántí ni pé òòrùn ń wọ̀ kí aago méje tó lù, òkùnkùn sì ń ṣú kíá lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí i.

Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ má jókòó síbi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè yín sí. Ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ wo ìlà tí ìdọ̀tí àti ewé tó gbẹ dúró lé lórí yanrìn: ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Òkè ìlà yẹn dáadáa ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí, ní pàtàkì bí oṣù bá lé tuntun tàbí tó bá mọ́lẹ̀ kíkún, nítorí omi ń gòkè jù lásìkò méjèèjì. Ẹ bèèrè iye àga, àtíbàbà, ẹja àti omi kí ẹ tó jókòó, kí ẹ ní kí wọ́n sọ iye gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti ẹlẹ́ṣin náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ dá iye, iye ìṣẹ́jú, àti bóyá fọ́tò wà nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má gbé ọmọdé nìkan sórí ẹṣin, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa oúnjẹ, ẹ jẹ ohun tí àsìkò mú wá. Àgbàdo sísun àti àgbọn ni oúnjẹ oṣù Kẹjọ. Ẹ ra àgbàdo tí wọ́n sun lójú yín, tí ọmọ rẹ̀ ṣì lómi díẹ̀ bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, torí èyí tó ti ń gbó á le bí òkúta tó bá tutù. Ẹja sísun dára bí ó bá gbóná débi egungun. Ẹ ya á lẹ́yìn, bí ẹran rẹ̀ bá ṣì rọ̀ mọ́ egungun tó sì ń pupa, ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ sá fún sàláàdì tó ti wà nínú ooru, àti yìnyín tí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi dì í. Ọtí? Ẹni tó bá fẹ́ mu díẹ̀, kó mu ún lẹ́yìn tí ó bá ti jáde pátápátá kúrò lẹ́bàá omi, kí awakọ̀ má sì bá a mu ún.

Omi òkun

Ibí ni mo ti fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun Ẹlẹ́gùṣì ní oṣù Kẹjọ, àní bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lú. Ìgbì tó ń lu etíkun wa kì í ṣe ọmọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ lójú yín. Ìjì tó ń jà ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí òtútù wà lásìkò òjò tiwa, ló ń rán an wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí òfuurufú fi lè mọ́ roro, tí atẹ́gùn á rọlẹ̀, tí ìgbì á sì ga ju orí ọkùnrin lọ. Omi tí ìgbì bá kó wá gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan gbà padà síbú pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló ń jọ ibi tó dákẹ́: ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ìfófòó kò sí, omi rẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí kí yanrìn rú nínú rẹ̀. Aláìmọ̀kan á ní, "Ibí ló rọlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́ níbí." Ibẹ̀ ni ikú wà.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ọmọ àdúgbò ń wẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé wọ́n mọ ibi tí ojú ọ̀nà omi náà wà lónìí. Ó ń yí padà bí yanrìn bá ti ń ṣí, àlejò kò sì lè mọ̀ ọ́n ní wákàtí méjì. Ẹ tẹ omi títí dé orúnkún, kí ó má kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa kọjú sí òkun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà ti lè tó o. Ẹ dárúkọ ẹni tó ń ṣọ́ wọn, kí ó má mú fóònù dání, kí ẹ sì máa gbà á fún ara yín ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Ibi tí gbogbo èèyàn bá ti ń ṣọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ọmọ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ gbé e lọ sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ní olùṣọ́.

Bí omi bá gbé èèyàn, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó fi ẹ̀yìn lé omi, kó na ọwọ́ kan sókè, kó mí, kó sì máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú etíkun títí tí yóò fi bọ́ kúrò nínú ojú ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbì á wá bá a gbé e bọ̀. Ẹni tó wà ní gbẹrẹfu kò gbọdọ̀ bẹ́ sí omi tẹ̀ lé e. Kó pe àwọn olùṣọ́ etíkun, kó ju ohun tó lè léfòó sí i, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa tàbí kúlà, kó sì pe 112 tàbí 767. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí omi bá gbé ẹni méjì lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kejì ni ẹni tó fẹ́ gba ẹnì kìíní là.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó gbogbo ilé dání. Ìkòkò ìrẹsì, àga mẹ́wàá, gbohùngbohùn, ẹgbẹ́ ogún tí ìdajì wọn kò tíì dé: kí ẹ tó to ẹrù tán, ọjọ́ ti lọ. Wọ́n á ní kò sí fàájì tí kò sí orin. Mi ò bá wọn jiyàn. Rédíò kékeré kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ìgbì lọ dára. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti borí ohùn omi, ẹ ì bá ti jókòó sílé, owó epo ni ẹ ì bá jèrè. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo rí i pé ó bójú mu: wọ́n á wọ ọkọ̀ kan, ẹnì kan á lè ṣọ́ ọmọ, ẹnì kan á ṣọ́ ẹrù, méjì á máa ta ayò.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn fi ọ̀pọ̀ ibi kún ọjọ́ kan. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tí afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401, yẹ kó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ má fi kún ọjọ́ etíkun àyàfi bí ìgbì tàbí àwọn ọlọ́pàá bá lé yín kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ọgbà náà, ẹ má gbé oúnjẹ lọ́wọ́, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ. Ẹni tí ibi gíga ń bà lẹ́rù kó dúró nílẹ̀. Afárá náà ń mì, kò sì dára kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì láàárín rẹ̀. Sálúbàtà tó ń yọ̀ kò yẹ níbẹ̀.

Àwọn yòókù kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ń ná èèyàn lówó: fífi fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sábẹ́ ẹní nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ lọ ya fọ́tò, dídúró lẹ́yìn òkùnkùn láìmọ bí ẹ ó ṣe kúrò, bíbá ẹni tí ẹ kò mọ̀ wọ ọkọ̀ nítorí pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wọ́n. Ẹ ti fi àdéhùn ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sílẹ̀ kí òòrùn tó wọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó, ẹ ṣan iyọ̀ kúrò lára adìrẹ pẹ̀lú omi tútù, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sóde, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, aṣọ tí a ká sínú ọ̀rá di ọjọ́ kejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ tí ẹ dá, ẹ má tẹnu mọ́ ọn pé ẹ ti múra. Ààrá ń wá ohun tó ga jù lórí ilẹ̀ títẹ́jú, etíkun sì rèé, èèyàn àti igi àgbọn nìkan ló ga níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, ẹ wọ inú ọkọ̀ tàbí ilé tó ní ògiri. Àtíbàbà kì í ṣe ilé. Ẹ sún ọjọ́ náà sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé ìdajì, tí àrọ̀kúrò ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ àwọn iléèwé sì ti padà sójú títì, ẹ kó akẹtẹ̀ sórí àjà di ọdún tó ń bọ̀.